Ọjọ́ Tí A Bọ́ Bàtà Wọ Ọ̀fun Àpáta

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì kà á níbì kankan, nítorí ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, tí mo gbé àdá, tí mo wọ igbó lọ. Mo wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wà lórí àpáta náà, omi ibẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, mo sì lè sọ bí ó ṣe rí lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó ń yí gẹdú níbi ìlagi wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń wo ara wọn bí mo bá dé ibi tí omi ti dìde nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá tún ti bẹ̀rẹ̀." Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Àwa márùn-ún la lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa méjì péré ló rí i. N ó sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ẹni tí gbogbo nǹkan máa ń yà lẹ́nu ló ń sọ̀rọ̀. Agégẹdú ni mí. Mo ti wó arère tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta ló ní láti na ọwọ́ kí wọ́n tó lè yí ìdí rẹ̀ ká. Mo ti jókòó lórí gẹdú nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀pà tí mo ń jẹ kò sì já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní gbogbo Òkè-Àgbò, àdúgbò wa, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ igbó tí wọn kò dárúkọ mi, ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé nǹkan kan mú kí orúnkún mi gbọ̀n, ẹ gbà mí gbọ́, nítorí n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó la oko kòkó kọjá títí kòkó fi tán, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òkúta á kọ́kọ́ yọ láàárín koríko bí ẹ̀yìn ìjàpá, á di àpáta, àpáta á di òkè. Níbi tí òkè náà ti ga jù ni ó ti là sí méjì láti orí dé ìdí, bí ìgbà tí ènìyàn bá la obì, odò kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ là ń pè ní Ọ̀fun Àpáta. Ní ìparí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, omi ń já wálẹ̀ láti òkè sínú adágún kékeré kan, omi adágún náà sì ni ìjọ wa máa ń lọ pọn lọ́dọọdún.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bàbá wa jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó máa ń wọ bàtà aláwọ dídán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá wa ni Àládùúrà, òun ló sì borí. Tí ọdún tuntun bá ti wọlé, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, gbogbo ìjọ á jí lówùúrọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, wọ́n á sì padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́nu Ọ̀fun Àpáta, kálukú á gbé sùtánà rẹ̀ wọ̀. Ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà mọ́. Ọmọdé ìjọ wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ó wá to bàtà wa sórí yanrìn funfun tó wà lẹ́nu ibẹ̀, láàárín ojú odò gan-an, níbi tí omi ti fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Olè kò gbé bàtà níbẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ìyá wa ti jẹ́ ọmọge ni bàtà ìjọ ti ń jókòó sórí yanrìn yẹn, tó ń dúró de àwọn olówó rẹ̀.

Gbogbo wa nínú ilé wa ló ti lọ, àfi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Lọ́dún tó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá wọn lọ, èéyi mú un. Ìyá wa ní, "Ọdún tó ń bọ̀." Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa kan ní Àbígi, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì fẹ́ apẹja kan ní Mákùn-Omi. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Òkè tó ga jù lọ lágbègbè wọn ni òkìtì yanrìn tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kó jọ. Nígbàkígbà tí ó bá wá sílé, ó máa ń bi wá pé, "Ẹ ṣàlàyé ibẹ̀ fún mi," a ó ṣàlàyé, á mi orí, á ní, "Ẹ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ." Èmi ni ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, èmi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ kí ewúrẹ́ gbọ́ ọ yé.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ó ń da ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà, ló mú un lọ rí dókítà. Dókítà ní nǹkan kan ń tẹ iṣan ẹ̀yìn ojú rẹ̀ láti inú wá. Èyí tó ti kú nínú rẹ̀ kò níí jí mọ́, èyí tó kù náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ayé ti di ohun tí òun ń wò láti inú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, èyí tí a fi ń fẹ́ omi ọṣẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ohun tó bá wà ní ọ̀ọ́kán, ó rí i kedere. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí.

Ó dé ilé mi ní Òkè-Àgbò nínú oṣù kẹjọ, ní àárín ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀. Kò tíì jókòó tán.

"Àbúrò, ṣé Ọ̀fun Àpáta ṣì wà níbi tó wà?"

"Àǹtí mi, àpáta kì í rìn."

"Ojú tèmi ń rìn lọ ní tirẹ̀. Mú mi lọ síbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn, kí gbogbo ìjọ jọ lọ."

"Ojú yìí kò níí dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀la ni mo wí, tàbí ọ̀tunla."

Mo ránṣẹ́ pe Wòlíì ìjọ wa, bíríkìlà ni, ọkùnrin tútù tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Mọ́mì, a ó fi omi náà bọ́ ojú yín, ẹ ó sì ríran kedere."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wòlíì, ẹ gbàdúrà, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí kí n lọ bọ́jú ni mo fi ń lọ. Mo fẹ́ lọ fi ojú wo nǹkan kí ó tó lọ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ fi ti yín kún un, a kò níí bá a jà."

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ̀lé e wá láti Mákùn-Omi. Ọkùnrin tó lè dúró sórí ọkọ̀ tóóró nínú ìjì láìdi nǹkan kan mú, ṣùgbọ́n tí kì í gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan láìdi ògiri mú. Ó ní, "Èmi ọmọ omi ni o. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi kò bá lè dé, kí ni ènìyàn ń wá lọ síbẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Jókòó. Jẹun. Sùn. N ó bá ẹ kí àpáta."

Ó jókòó, ó jẹun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Aago mélòó la ń gbéra?"

Àwa márùn-ún la lọ: èmi, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀, ọmọ wọn obìnrin, àti Wòlíì. Ọ̀kadà gbé wa dé oko kòkó tó kẹ́yìn, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀sẹ̀ kan lé tí òjò kò ti rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbọ̀nwọ́, nítorí pé ó ń fi bàtà kọ gbogbo gbòǹgbò. Ọmọ rẹ̀ ru òjòjò tí a fi ewùrà dín àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n gbé wá láti Mákùn-Omi. Mo ń dárúkọ igi fún wọn bí a ti ń lọ: àfàrà nìyí, ọ̀gánwó nìyẹn, arère tọ̀hún yẹn ti pé fún ayùn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ̀ pé igi lórúkọ, òun rò pé igi ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Nígbà tí a dé ẹnu Ọ̀fun Àpáta, odò ti kéré débi pé adìyẹ lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Yanrìn funfun wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó gbóná. A gbé sùtánà wọ̀. A bọ́ bàtà. Sáńdààlì ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì jẹ́ tuntun, ó ń wò ó.

"Ṣé ẹnikẹ́ni kò níí gbé e?"

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ta ni yóò wá láti ibo? Ọbọ?"

"Bí ọbọ bá gbé e, ṣé ìwọ lo máa lé e?"

"Èmi ni n ó lé e."

Ó gbé e sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó yí ojú rẹ̀ sọ́nà ilé. Kò sí èyí tó rántí nínú wa pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìjọ ti máa ń to bàtà síbẹ̀. Wòlíì tó jẹ́ Wòlíì kò rántí. Ibi tí a máa ń gbé e sí là gbé e sí.

Ẹ wò ó, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Gẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ìrìn rẹ̀ yí padà. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ wá ọ̀nà, jẹ́jẹ́, bí àwọn obìnrin ẹ̀bá omi ti máa ń fi ẹsẹ̀ wá akàn nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ní ojú pípé ni òkúta ń gún, tí mo ń pariwo. Ó yíjú padà, ó ní, "Rọra o, agégẹdú. Ṣé kí n mú ẹ lọ́wọ́ ni?"

A wọlé. Mo ti sọ pé mo lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gẹdú kò jẹ́ kí n bá ìjọ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti rò pé ojú ọmọdé ló mú kí ibẹ̀ tóbi. Irọ́ ni. Ó tóbi ju bí mo ti rántí rẹ̀ lọ. Ògiri àpáta wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, wọ́n ga débi pé bí mo ṣe gbé orí sókè láti wo ibi tí wọ́n parí sí, fìlà sùtánà mi já bọ́. Ojú ọ̀run ti di ìlà búlúù kan ṣoṣo, tóóró, bí ọ̀já tí ẹnìkan nà sókè kí ó gbẹ. Òtútù mú wa lójijì nínú oòrùn ọ̀sán. Nǹkan tútù kan bo àpáta bí aṣọ àrán, aláwọ̀ ewé, omi ń kán lára rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìró ẹyọ kan á sì rìn lọ títí, á padà wá bá wa. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fò wọ inú ihò wọn lókè lọ́hùn-ún, wọ́n kéré bí eṣinṣin.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó gbé ojú lé ìdí àpáta lápá òsì, ó wá ń gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ó dé òkè, ó sún ojú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí àwa fi ojú ẹ̀ẹ̀kan gbé mì, òun ń jẹ ẹ́ lókèlè lókèlè. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún, igi kan wà níbẹ̀ tó—"

"Má sọ fún mi. Jẹ́ kí n wá a fúnra mi."

Ó wá a, ó rí i. Igi náà há sáàárín ògiri méjèèjì, ó dábùú lókè orí wa níbi tí ọwọ́ ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká kò lè dé. Ọ̀gánwó ni; mo mọ̀ ọ́n láìtíì dé ìdí rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi fóònù ya á. Mo ní ara òkè ni ó ti já bọ́.

Ó ní, "Ọ́ńkù, omi ló gbé e síbẹ̀. Omi náà ló gé àpáta yìí sí méjì."

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi dún lára ògiri. "Omi wo? Èyí tí adìyẹ lè là kọjá yìí? Ọmọ, èmi ni mo ń gé nǹkan jẹun. Mo mọ ohun tó lè gé nǹkan."

"Ẹ̀rọ ìgégi yín ń kánjú ni, Ọ́ńkù. Omi kì í kánjú."

"Ẹ gbọ́ ohun tí yunifásítì kọ́ ọ!" Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé ẹjọ́ omi, kí n má bá ìdílé òun rò ó.

A tún rìn. Ó ku ìyípo kan péré kí a dé ibi tí omi ti ń já, a ti ń gbọ́ ọ, nígbà tí Wòlíì na ọwọ́. Ààrá kan sán, ṣùgbọ́n ó jìnnà gan-an, bí ẹni tó ń yí àgbá nínú ilé kejì. Ìlà ojú ọ̀run tó wà lókè wa ṣì mọ́.

Wòlíì ní, "Apá òkè lọ́hùn-ún ni òjò yẹn ń rọ̀. Ibẹ̀ ni odò yìí ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yí padà."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wòlíì sọ òótọ́. Èmi mọ omi."

Ẹ̀gbọ́n mi kò yíjú. "Ó kù bí i báwo?"

Mo ní, "Ìyípo kan, Àǹtí mi."

Ó ní, "Ẹ̀yin lè padà wá lẹ́ẹ̀rùn."

Ọkọ rẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó fa etí sùtánà rẹ̀ sókè, òun ló sì kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Ó ní, "Kí a ṣe é kíá. Ṣùgbọ́n kí ojú yín wà lára omi."

A yí ìyípo náà. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi kúkú ti sọ pé a kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí inú ìkòkò ńlá tí kò ní ìdérí. Omi ń bọ̀ láti etí òkè, kò nípọn, ó funfun, afẹ́fẹ́ ń gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún bí aṣọ tí wọ́n sá, oòrùn sì gba ẹnu ìkòkò wọlé, ó wá dé bá omi náà láàárín, òṣùmàrè kékeré kan sì dúró síbẹ̀ tí kò lọ, tí kò bọ̀. Adágún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ débi pé a lè ka òkúta inú rẹ̀. Èmi tí mo ń wó igi fún iṣẹ́ ṣe, mo kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n kúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wá etí òkè. Ó pẹ́ kí ó tó rí i. Nígbà tó rí i, ó di omi náà mú pẹ̀lú ojú, ó ń bá a sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibi òṣùmàrè, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọdébìnrin ni, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà èéyi.

Wòlíì bu omi sọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí a bọ́ ọ."

"Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì fi omi bò ó. N kò tíì wò ó tán."

Wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tí a gbé dání, ó ti rọ ìgò kékeré kan, ó tì í sápò. Èmi ń wo adágún. Ewé tútù kan bọ́ sí i láti òkè. Òmíràn tẹ̀lé e. Ìgbà tó yá, omi tó ń já náà yí àwọ̀ padà, ó pọ́n bí omi àgbo. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mi, ó mọ̀ pé igi máa ń dún lẹ́ẹ̀kan kí ó tó wó, ìró kékeré kan láti inú; ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kì í pẹ́ láyé. Irú ìró yẹn ni mo gbọ́ nínú àpáta. Mo kígbe pé, "Ẹ gun òkè!"

Pèpéle àpáta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ga ju orí ènìyàn lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn, ló fi èjìká gbé ìyàwó rẹ̀ gùn ún, ló sì gun tẹ̀lé e bí ológbò. Mo fa ọmọ wọn, fóònù rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́, mo di sùtánà rẹ̀ mú. Wòlíì ló gùn kẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì àti oúnjẹ kù sílẹ̀.

Ó dé.

Kì í ṣe omi ló kọ́kọ́ dé, afẹ́fẹ́ ni. Ó gbá wa mọ́ ògiri, ó ní òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Lẹ́yìn náà ni etí òkè wó lulẹ̀, bí ó ti rí lójú mi nìyẹn. Omi pupa, tó nípọn bí ilé, tó gbé igi dání pẹ̀lú gbòǹgbò. Àpáta tí a jókòó lé ń gbọ̀n, eyín mi ń gbá ara wọn. Wòlíì kígbe pé, "Ẹ dijú! Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà!" Ó dijú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dijú. Ọmọ wọn fi ojú pamọ́ sí èjìká bàbá rẹ̀. Ọmọ ìjọ wa kì í la ojú sílẹ̀ nígbà àdúrà, èmi náà sì ti ń dijú lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi létí mi.

"Ẹ̀yin, ẹ dijú. Èmi kò ní èyí tí mo fẹ́ dì."

Mo la ojú. Mo wo ohun tí ó ń wò. Mo rí gẹdú tó gùn ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ tí omi gbé dìde nàró bí ènìyàn, tó yí i po, tó sì fi í gbá ògiri, èéfọ́ àpáta sì fò sókè bí ìyẹ̀fun. Omi náà wọ inú Ọ̀fun Àpáta, ó kún un, ó ń bú, ó sì ń gé. Mo rí i tó ń gé. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ó ń fi orí tẹ̀lé igi kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ó ti wọlé dé ibi tí ó ti jáde, kò sì yàgò fún ọ̀kan. Orúnkún mi gbọ̀n. Tirẹ̀ kò gbọ̀n.

Àgbàrá kì í pẹ́. Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ó ti fà títí dé ibi tí a lè rìn, a sì di ara wa mú, a ń bọ̀. Ọmọ náà ń sunkún fóònù rẹ̀, pé gbogbo àwòrán wà nínú rẹ̀, pé Mọ́mì kò ní rí nǹkan kan tí òun lè fi rántí.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló fẹ́ wo àwòrán nínú fóònù? Èmi tí n kò ríran?" Ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé abẹ́ ibi tí ọ̀gánwó ti há, ọ̀gánwó kò sí níbẹ̀ mọ́. Igi mìíràn ló wà níbẹ̀, ewé tútù ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó tún wo igi náà. Mo gbà fún omi. N kò tíì gbà fún ọmọ náà.

Lẹ́nu Ọ̀fun Àpáta, bàtà kò sí. Yanrìn fúnra rẹ̀ kò sí; òkúta ló kù níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó ń wo ibi tí ó yí ojú sáńdààlì rẹ̀ sí.

"O ní ọbọ lo máa lé."

Mo ní, "Ọbọ kọ́ ló gbé e, Bùrọ̀dá."

Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, a rí ẹsẹ̀ kan nínú sáńdààlì náà, gbòǹgbò kan ló há a mú. Ó gbé e dání láìwọ̀ ọ́, pé òun á so ó mọ́ orí ọkọ̀ òun, kí àwọn ẹja mọ ibi tí òun dé. Ẹsẹ̀ lásán la fi rìn dé oko kòkó, nínú sùtánà tó ti pupa. Àgbẹ̀ kan tó rí wa sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìjọ, ṣé ìrìbọmi ni àbí ìjà?"

Nílé, Wòlíì mú ìgò kékeré náà jáde, ó gbàdúrà, ó fi bọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣe é tọkàntọkàn, gbogbo wa ṣe àmín, Wòlíì sì ń gba àdúrà náà títí di òní. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ náà ti dí pátápátá.

Mo máa ń lọ kí i ní Mákùn-Omi. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, ó máa ń ní kí n sọ ọ́. Bí mo bá dé ibi gẹdú tó dìde nàró, mo máa ń fi kún gígùn rẹ̀ díẹ̀, á ní, "Kò tó bẹ́ẹ̀." Bí mo bá ní òṣùmàrè náà ní àwọ̀ méje, á ní mẹ́rin ni òun rí, kí n jókòó sí mẹ́rin. Nínú ayé yìí, òun nìkan ló lè já mi nírọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí òun kò bá sí lọ́jọ́ kan, ó ku èmi nìkan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó.

Ohun tí a pàdánù nìwọ̀nyí: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, fóònù kan, òjòjò àti ẹja gbígbẹ tí a kò tíì fọwọ́ kàn, fìlà sùtánà mi. Ojú méjì, ṣùgbọ́n odò kọ́ ló gbé ìyẹn.